Fíìmù ìpayà tí wọn kò gé: èwo ni kí ẹ wò nínú wọn?

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, bí ẹ̀rù bá fẹ́ pọ̀ lápọ̀jù, gígé, ìyẹn bí fíìmù ṣe ń fò láti àwòrán kan sí òmíràn, ló máa ń gba òǹwòran sílẹ̀. Ilẹ̀kùn á ṣí, ẹnìkan á lọgun, kí a tó mọ̀, ilẹ̀ ti mọ́, ọlọ́pàá ti dé, a ti bọ́. Fíìmù tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kì í ṣàánú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí à ń wò bá wọ yàrá tó ṣókùnkùn, àwa náà ti bá a wọlé nìyẹn. Bó bá gbà á ní ogún ìṣẹ́jú kó tó rọ́nà jáde, a ó bá a lo ogún ìṣẹ́jú náà pé.

Torí náà, mi ò gbà pé àmì-ẹ̀yẹ tàbí òkìkí ló yẹ kí èèyàn fi yan irú fíìmù yìí. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn lẹ máa wà fún wákàtí kan tàbí méjì láìgbéra. Ohun tí kò mọ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Ibi tó bá ti ṣìnà, ẹ máa bá a ṣìnà ni. Àwọn kan fẹ́ kí àyà wọn máa já bí wọ́n ṣe ń bá ẹlòmíràn sáré láàárín ìlú lóru. Àwọn mìíràn fẹ́ kí èèyàn méjì jókòó, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu wá ara wọn nídìí. Fíìmù kan náà kò lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kò gé e?

Ìbéèrè yìí ló máa ń yá lẹ́nu àwọn èèyàn. Ó ní ìdáhùn, àmọ́ èmi kì í fi í ṣe òṣùwọ̀n àkọ́kọ́.

Nígbà tí Alfred Hitchcock, olùdarí fíìmù, ya Rope jáde ní 1948, róòlù fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ kó tó tán. Fíìmù ìṣẹ́jú 80 ni, ìyà 10 (ìyà kan ni gbogbo ohun tí kámẹ́rà yà kó tó dúró) ni wọ́n sì so pọ̀ tó fi délẹ̀. Bí róòlù bá ti fẹ́ tán, kámẹ́rà á sún mọ́ ẹ̀yìn kóòtù ẹnìkan títí ojú àwòrán á fi dúdú, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ róòlù tuntun láti inú òkùnkùn yẹn. Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ojú ìsopọ̀ náà ni wọ́n bò. Ẹni tó bá fojú sílẹ̀ á rí àwọn ibi tí wọ́n gé e gbangba. Ìgbà tí kámẹ́rà dígítà dé ni ó tó ṣeé ṣe láti ya fíìmù odidi láìdá kámẹ́rà dúró. Victoria, Boiling Point àti Adolescence wà nínú àwọn tí wọ́n yà bẹ́ẹ̀ ní ti gidi. Silent House tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ìyà tó gùn ni wọ́n so mọ́ra wọn tí wọ́n sì fi ọgbọ́n bo ojú ìsopọ̀.

Ohun tí ẹ máa rí nínú èyí tí wọn kò gé rárá, tí ẹ ò ní rí nínú èyí tí wọ́n so, ni àárẹ̀. Òógùn tó wà lójú òṣèré ní ìṣẹ́jú 100, òógùn ìṣẹ́jú 100 ni. Àwọn tó wo eré orí ìtàgé nígbà ayé Ògúndé àti Dúró Ládiípọ̀ mọ ohun tí mò ń wí: òṣèré tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lójú agbo, ojú agbo náà ni yóò ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò mọ ojú ìsopọ̀. Bí ọwọ́ tó so ó bá mọṣẹ́, àyà yín á já bó ṣe yẹ.

Ìlú kan lóru, ilé ìdáná kan lálẹ́: Victoria àti Boiling Point

Sebastian Schipper, ará Jámánì, ló darí Victoria, ó sì jáde ní 2015. Ìṣẹ́jú 138 ni. Ọmọbìnrin ará Spéìn kan, Laia Costa ló ṣe é, ti lo oṣù mẹ́ta ní Berlin. Ó ń jáde bọ̀ láti ilé ijó kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì pàdé ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọn kò jẹ́ kí ó wọlé síbẹ̀. Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ gòkè òrùlé ilé gíga kan lọ mu bíà. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn rántí pé òun jẹ ọkùnrin kan ní gbèsè oore láti ìgbà tí òun wà lẹ́wọ̀n, ọkùnrin náà sì ti ní kó wá san án. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di olè jíjà ní báńkì nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n yà á, láti bí aago mẹ́rin àbọ̀ títí di nǹkan bí aago méje. Sturla Brandth Grøvlen gbé kámẹ́rà lé èjìká, ó wọ ibi 22 pẹ̀lú rẹ̀: ilé ijó, òrùlé, ilé kọfí, ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilé, òtẹ́ẹ̀lì. Ìwé eré tí wọ́n ní kò ju ojú ewé 12 lọ, àwọn òṣèré ló ń fi ẹnu ara wọn wá ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ya odidi rẹ̀, ìgbà kẹta ni èyí tí à ń wò. Nígbà tí fíìmù bá parí tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, orúkọ Grøvlen ló ṣáájú ti olùdarí, ó sì tọ́ sí i. Ní àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún náà, òun ni wọ́n fún ní Béárì Fàdákà nítorí iṣẹ́ kámẹ́rà yìí.

Wákàtí àkọ́kọ́ rẹ̀ falẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ráhùn lé e lórí, àwọn mìíràn sì ti fò ó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Inú wákàtí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ká ní fíìmù tí wọ́n gé ni, wọn ì bá fi ìwo-ojú méjì àti orin kan hàn wá, a ó sì gbà pé ó ti fẹ́ràn wọn. Níbí, à ń wò ó bó ṣe ń gbà díẹ̀díẹ̀: ó gbà pé kí wọ́n sin òun, ó gbà láti dúró mu bíà kan, ó gbà láti wa ọkọ̀. Kò sí èyí tó burú nínú wọn tí ẹ bá mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé kọfí tó ti ń ṣiṣẹ́, ó jókòó sídìí dùùrù, ó sì lu Mephisto Waltz ti Liszt fún Sonne, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà, Frederick Lau ló ṣe é. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ló fi kọ́ dùùrù, pé wọ́n padà sọ fún un pé kò tó. Kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ẹnì kankan ní ìlú yẹn. Ẹni tó bá ti gbé ìlú òkèèrè rí, tó mọ bí òpin ọ̀sẹ̀ ṣe ń rí láìsí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn, kò ní pè é ní òmùgọ̀ nígbà tó bá tẹ̀ lé wọn.

Nípa èdè, ẹ má bẹ̀rù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ jù, torí Victoria kò gbọ́ Jámánì. Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ni kò jẹ́ kí Jámánì lè fi í du Oscar ti fíìmù èdè àjèjì.

Boiling Point, tí Philip Barantini darí, jáde ní 2021. Ìṣẹ́jú 92 péré ni, inú ilé oúnjẹ kan sì ni ó ti ṣẹlẹ̀ láti òkè délẹ̀. Jones & Sons ni wọ́n ń pe ilé oúnjẹ tí wọ́n ti yà á, ní Dalston, London. Àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún mọ Dalston dáadáa, torí ọjà Ridley Road níbi tí wọ́n ti ń ra iṣu àti ata wà níbẹ̀. Stephen Graham ṣe Andy, olórí alásè. Ó pẹ́ dé iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó bá wọlé-wọlé nínú ilé ìdáná tó ti fa máàkì wọn wálẹ̀ láti 5 sí 3. Oníbàárà ti kún tábìlì. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, tó ti di gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, mú ẹni tó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ dání wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Ike omi kan sì wà lọ́wọ́ Andy tí kò fi sílẹ̀ rárá. Ẹ máa ṣọ́ ike yẹn.

Wọ́n ti ṣètò láti yà á lẹ́ẹ̀mẹjọ ní oṣù kẹta ọdún 2020, àmọ́ àrùn Kòrónà ti ń kanlẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni wọ́n rí yà kí gbogbo nǹkan tó dúró. Ìkẹta ni wọ́n lò.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ gan-an rèé. Nínú Victoria, kámẹ́rà kì í fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Bí àwọn ọkùnrin bá wọ báńkì, inú ọkọ̀ lẹ máa wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀ ń gbọ́ èémí rẹ̀, ẹ ò sì mọ ohun tó ń lọ nínú ilé. Nínú Boiling Point, kámẹ́rà ń kúrò lẹ́yìn ẹnìkan bọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn: ó bá ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ lọ sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń fi í wọ́lẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó bá ọmọkùnrin tó ń da pàǹtí nù jáde síta, ó padà sídìí iná. Ẹ ti rí wàhálà náà láti ọ̀nà jíjìn kí Andy tó gbọ́ nípa rẹ̀, ẹ ò sì lè pè é. Nínú ti àkọ́kọ́, àìmọ̀ ló ń dẹ́rù bani. Nínú ti ìkejì, mímọ̀ ni.

Ẹni tí kò bá tíì wo irú fíìmù yìí rí, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Boiling Point. Kò gùn, ó mú ọkàn láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀gá ń pariwo tí oníbàárà ń pariwo máa mọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Èébú pọ̀ nínú rẹ̀ o, ẹ má wò ó lójú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí mo dárúkọ níbí, Victoria ni mo máa mú.

Èèyàn méjì nínú yàrá: apá kẹta Adolescence, àti Rope

Adolescence jẹ́ eré alápá mẹ́rin láti Ìlú Ọba tó jáde lórí Netflix ní oṣù kẹta ọdún 2025. Barantini yìí kan náà ló darí rẹ̀, láìgé ni wọ́n sì ya apá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún 13 kan, Jamie, ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó pa ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Apá kejì ló ní àrà tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, níbi tí kámẹ́rà ti kúrò nílẹ̀ tí dúróònù gbé e gba òkè ìlú lọ. Apá kẹta ni kí ẹ wá torí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí. Kò pé wákàtí kan.

Jamie ti wà ní àtìmọ́lé àwọn ọmọdé fún oṣù méje. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Briony, wá bá a sọ̀rọ̀, ó gbé tíì ṣokoléètì gbígbóná àti ìdajì sáńwíìṣì wá fún un. Tábìlì kan, àga méjì. Kámẹ́rà ń yí wọn po díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó yọ ọ̀bẹ, kò sí ẹni tó sáré. Ọmọ náà ń ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé èyíkéyìí, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti dìde dúró lé obìnrin náà lórí, ó ń jágbe mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó tún jókòó, ó tún di ọmọdé. Kò sí gígé láàárín ọmọ yẹn àti ọmọ yìí. Ohun tó bani lẹ́rù nìyẹn: ojú kan náà ni, ẹ ò gbójú kúrò lára rẹ̀, síbẹ̀ ẹ ò rí ibi tó ti yí padà.

Nínú eré tí wọ́n gé, ẹni tó ń to fíìmù ló ń yan ojú tí a máa wò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bọ́. Níbí, bí kámẹ́rà bá wà lójú obìnrin náà, ohùn ọmọ nìkan là ń gbọ́, a sì ní láti dúró kí ó tó yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú Erin Doherty, tó ṣe Briony, ló ń sọ fún wa bí ewu náà ṣe tó, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ojú náà má sọ nǹkan kan. Owen Cooper tó ṣe Jamie kò tíì ṣe eré orí ẹ̀rọ rí, apá yìí ni wọ́n sì kọ́kọ́ yà. Nígbà kan ó yán gidi, Doherty sì bi í bóyá ọ̀rọ̀ òun ti sú u. Kò sí nínú ìwé eré, ó sì wà nínú ohun tí à ń wò. Àwọn méjèèjì gba Emmy, àmì-ẹ̀yẹ eré tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ọmọ ọdún 15 ni Cooper nígbà náà, kò sì sí òṣèré ọkùnrin tó kéré tó o tó gbà á rí.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọkùnrin tó ń gbé fóònù wọ yàrá tó sì ń tilẹ̀kùn, ẹ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ dá a wò ná, kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ máa pè é jókòó tì yín.

Rope ní tirẹ̀ wá láti inú eré orí ìtàgé tí Patrick Hamilton kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì fi okùn fún ọ̀rẹ́ wọn lọ́rùn pa, wọ́n gbé e sínú àpótí, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí àpótí náà, wọ́n gbé oúnjẹ lé e, wọ́n sì pe àlejò. Bàbá olóògbé wà nínú àwọn tó wá jẹun. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi ẹni tí kámẹ́rà ń tẹ̀ lé nínú Rope, mo máa ní àpótí yẹn ni. Ibì kan wà tí ìránṣẹ́ ilé ń palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Àwọn àlejò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ò tilẹ̀ rí púpọ̀ nínú wọn, obìnrin náà ń lọ ó ń bọ̀, ó gbé àwo, ó kó àbẹ́là, ó ká aṣọ, ó kù díẹ̀ kó ṣí àpótí. Kámẹ́rà kò mira. Mi ò rò pé ibì kan wà nínú gbogbo fíìmù tí mo kà sílẹ̀ níbí tó fi ohun kékeré bẹ́ẹ̀ dá jìnnìjìnnì tó tó yẹn.

Àmọ́ ìṣe àwọn òṣèré inú rẹ̀ ti àtijọ́ ni, ẹni tó bá fẹ́ ìṣe òde òní lè rí i bí ẹni pé wọ́n ń ké ewì fún ara wọn. Hitchcock alára padà sọ fún Truffaut, olùdarí fíìmù ará Faransé, pé àrà lásán lòun fi dá. Mi ò gbà fún un. Ẹni tó bá mọ rírì iṣẹ́ ọwọ́, kó wò ó, kó sì máa fojú sí fèrèsé ńlá tó wà lẹ́yìn wọn, níbi tí ilẹ̀ New York ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀.

Ilé òkùnkùn: ẹ yan ọ̀kan péré

La casa muda wá láti Uruguay ní 2010, Gustavo Hernández ló darí rẹ̀, kámẹ́rà ìyafọ́tò Canon 5D Mark II ni wọ́n sì fi yà á. Wọ́n polówó rẹ̀ pé ìyà kan ni. Àwọn tó mọ kámẹ́rà náà kò gbà, torí kò lè gba àwòrán tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láìdúró. Àwọn ará Amẹ́ríkà tún un ṣe sí Silent House, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní 2011, Elizabeth Olsen ló sì gbé e.

Ìtàn kan náà ni: ọmọbìnrin kan, ilé kan tí wọ́n ti kan fèrèsé rẹ̀ pa, ẹsẹ̀ tó ń rìn lókè àjà. Bí ẹ bá ti mọ àṣírí ọ̀kan, èkejì ti tán. Mo fara mọ́ ti Olsen, torí ojú rẹ̀ ni kámẹ́rà ń gbé, ó sì gbé e débi tó yẹ. Kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ìtàn náà jẹ mọ́ ìwà ìbàjẹ́ tí àgbà hù sí ọmọdé. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti kàn rí kò gbọ́dọ̀ já lù ú láìmọ̀.

Méjì tí mi ò ní fi dandan mú ẹnikẹ́ni wò

Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2011, ọkùnrin kan pa èèyàn 69 ní erékùṣù Utøya ní Norway, àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù rẹ̀ ti pa èèyàn 8 ní Oslo. Ìṣẹ́jú 72 ni ìkọlù erékùṣù náà gbà, ìṣẹ́jú 72 náà ni Erik Poppe fi ya ìkọlù yẹn láìgé nínú Utøya: July 22, tó jáde ní 2018. Ọmọbìnrin kan, Kaja, ni kámẹ́rà ń bá sápamọ́. A kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí apànìyàn náà, ìró ìbọn rẹ̀ là ń gbọ́. Kaja kì í ṣe ẹni gidi, àmọ́ àwọn tó yè é ló sọ bó ṣe rí fún àwọn tó kọ ọ́.

Lọ́dún kan náà ni Blind Spot ti Tuva Novotny jáde, Norway náà ni, ìyá kan ló wà nínú rẹ̀ ní alẹ́ tí ọmọ rẹ̀ gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Pia Tjelta gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin ní San Sebastián fún un. Iṣẹ́ tó dára gan-an ni méjèèjì. Bí ọ̀fọ̀ bá wà nílé yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

Bí ẹ bá ti yàn tán

Ẹ má dá a dúró láàárín. Bí iná kò bá dúró ṣinṣin ládùúgbò yín, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù tó ti kún fún iná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ibi ìsinmi kankan nínú wọn tí ẹ lè padà wá bá. Bí ẹ kò bá ní ju wákàtí kan lọ, apá kẹta Adolescence ni.

Ẹ lo íàpíìsì pẹ̀lú. Kámẹ́rà tí kò lè fò láti ibì kan síbòmíràn ń fi ohùn sọ ohun tí kò lè fi hàn: ẹsẹ̀ lókè àjà, ìbọn láti inú igbó, ẹni tó ń pe Andy láti ẹ̀yìn. Fóònù tó wà lórí tábìlì kò lè gbé ìyẹn dé etí yín.

Bí ẹ bá sì wo Victoria, ibì kan wà lẹ́yìn báńkì tí wọ́n padà sí ilé ijó, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kàn dákẹ́, tí orin Nils Frahm nìkan ṣẹ́kù. Kì í ṣe ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́. Schipper tó kọ̀ láti gé àwòrán ló gé ohùn níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ má yí ohùn sókè.